Ìkúnlẹ̀ Àárọ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn Bàbá Mi

Títí di òní, orúnkún mi ò gbàgbé bí sìmẹ́ńtì ilé ìwòsàn yẹn ṣe tutù tó. Bàbá mi ṣubú lórí alùpùpù lọ́nà Igolo, wọ́n sì fi orí sọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n lajú, wọ́n dá wa mọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún wọn ò gbé mọ́, ọ̀rọ̀ kan ò sì jáde lẹ́nu wọn. Èmi tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ tipẹ́ ni wọ́n ní kí n dúró tì wọ́n.

Ẹni tó bá kí bàbá, èmi ni mò ń dáhùn, kí ojú má baà tì wọ́n. Èmi tí n kì í lè tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò wá di agbẹnusọ! Obìnrin kúkurú kan tí wọ́n ń pè ní kiné, tó ń kọ́ aláìsàn láti tún rìn kó sì tún sọ̀rọ̀, wò mí títí.

"Ṣé ìwọ lo ṣubú ni?"

"Bàbá mi ni, tàntí."

"Nílé, tí o bá kúnlẹ̀ kí wọn, ìgbà wo lo máa ń dìde?"

"Tí wọ́n bá ní kí n dìde."

"Voilà, ìyẹn gan-an ni! Láti ọ̀la, dúró dè é lẹ́nu wọn."

Lọ́jọ́ kejì mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, bàbá." Ètè wọn ń gbọ̀n, òógùn bò wọ́n, kò sóhun tó jáde. Bàbá arúgbó orí ibùsùn kejì ní, "Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ gbin orúnkún síbẹ̀ ni?" Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Kiné wá kúnlẹ̀ tì mí, tòun ti aṣọ funfun rẹ̀. "Ẹ má kánjú, bàbá. A ò níbi tí à ń lọ." Bẹ́ẹ̀ la ṣe láràárọ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. N kò rí i kó bínú rí, kò sì purọ́ ìtùnú fún wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀kọ dé láti Daagbé, mo kúnlẹ̀. "Dì…" ni bàbá wí. Mo lanu láti bá wọn parí rẹ̀. Kiné fi ìka kan ètè.

"Dì… de."

Ìyá mi bú sẹ́kún. Èmi gan-an gbàgbé láti dìde, àfìgbà tí bàbá fi ọwọ́ òsì gbá mi lórí: "Dìde!"

A ti padà sílé báyìí. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ò tíì padà bọ̀ sípò tán, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó jáde. Nígbà míì, mo máa ń rò ó pé ọ̀pọ̀ èèyàn lè kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dúró de ọ̀rọ̀. Láàárọ̀ òní, bí mo ti kúnlẹ̀, "dìde" náà pẹ́ gan-an. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ sọ ọ́ dípò bàbá.

Mo fi ìka kan ètè.