Pásíwọ́ọ̀dù Ọdún Ìgbéga

Nígbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo ti lo ọdún mẹ́fà ní ilé-iṣẹ́ kan nítòsí Trade Fair tó ń kó ẹ̀yà ara mọ́tò wọlé. Ìgbà náà ni wọ́n gba ọmọbìnrin kan tó jẹ́ àbúrò sí mi lọ́jọ́ orí síṣẹ́. Kò tíì lo ọdún kan tí Ọ̀gá fi ní kó kọ ètò bí ẹ̀ka tuntun tí a fẹ́ ṣí ní Mile 2 yóò ṣe máa ṣiṣẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá kọ ọ́ ni yóò darí ibẹ̀.

Mo jowú, mi ò ní purọ́. Mo jowú irun rẹ̀, mo jowú bí Ọ̀gá ṣe máa ń rẹ́rìn-ín tó bá wọlé, mo sì jowú kéèkì tí wọ́n gé fún un lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Ní gbogbo ọdún mẹ́fà tèmi, ẹnikẹ́ni ò ra bisikíìtì lásán fún mi.

Ìjọ kan náà la jọ ń lọ ní Festac, Ọ̀gá náà wà níbẹ̀. Bí ọdún bá ti yí, tí pásítọ̀ kéde àkọlé ọdún, òun la máa ń fi ṣe pásíwọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà wa. A ní bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, àdúrà là ń gbà. Ọdún Ìgbéga ni ọdún yẹn, sítíkà rẹ̀ sì wà lára kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí gbogbo wọn jáde lọ jẹun, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo tẹ Ìgbéga, kò ṣí. Mo lẹ ọjọ́ ìbí rẹ̀ mọ́ ọn nídìí, ó ṣí. Kéèkì yẹn ò kúkú jẹ́ kí n gbàgbé ọjọ́ náà. Mo wá ètò tó ń kọ, mo pa á rẹ́, mo lọ jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì mi. Ó dùn lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ kejì ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Àwọn kan ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ọ̀gá ò gbà. Ọ̀gá ní ẹnìkan ló wọ ibẹ̀, pé pásíwọ́ọ̀dù wa ti rọrùn jù. Torí mo ti kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà rí, èmi ni wọ́n ní kí n kọ́ gbogbo wa bí a ṣe ń dáàbò bò ó. Inú mi dùn kọjá ààlà. Wọ́n ti rántí mi.

Mo ní kí wọ́n má lo ohun tí ẹni tó ń kọjá lè kà lára sítíkà. Mo ní kí wọ́n má kọ ọ́ sábẹ́ kíbọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì ti kọ̀ǹpútà pa kí wọ́n tó dìde. Ọ̀gá ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n àbúrò yìí jókòó síwájú mi, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, owú tún gùn mí.

Mo wò ó lójú. "Kí ẹnìkan má sì rò pé òun gbọ́n torí pé òun lẹ ọjọ́ ìbí òun mọ́ Ìgbéga."

Bírò rẹ̀ dúró. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tèmi. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ọ̀gá yọ gíláàsì ojú wọn. Kò sí ẹni tó pariwo, ìyẹn ló burú jù.

Ó tún ètò náà kọ, ó sì lọ darí Mile 2. Èmi kó ẹrù mi sínú páálì. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ó bá mi gbé páálì náà dé ẹnu géètì, ó ní, "Àǹtí, ó dàbọ̀ o." Ìyẹn náà, mo jowú rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ká ní èmi ni, mi ò ní bá a gbé e.