Ojú Kejìlá ní Fèrèsé

Bí òjò bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀ pupa, òórùn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa ní Bobè, ní ilẹ̀ Benin, ló máa ń sọ sí mi nímú: ẹfun ìkọ̀wé, òógùn ọmọdé, àti èéfín láti ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn ògiri. Jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ń kọ́ níbẹ̀ nígbà náà, ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n fún wa ní táblẹ́ẹ̀tì kan tó ń fi eré kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Mo ya àwòrán àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ́kànlá sínú rẹ̀. Ojú wọn á máa yọ ní fèrèsé ilé kan nínú eré náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ á sì máa kà wọ́n sókè. Èmi á jókòó sí òdìkejì ẹ̀rọ náà, máa tẹ́tí, máa kọ máàkì.

Gbogbo wọn ló ń parí rẹ̀ sí mọ́kànlá, àfi ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan tó máa ń dé méjìlá. Dírẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, sì ti sọ pé ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n kà kò ní bọ́ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Ta lo kà lẹ́ẹ̀mejì?" ni mo bi í.

"Èmi àti ìkejì mi, tàta," ló wí, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi lọ́dọ̀ wa.

"Ìwọ nìkan ni," mo wí, inú ti ń bí mi.

Kò sunkún. Ó kàn sún lórí bẹ́ǹṣì, bí ẹni ń fàyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Mo ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀, ará Savalou tó ń ta iṣu. Ó ní, "Ìbejì ni wọ́n, tàta. Ìkejì ti lọ ṣẹ́gi nígbó láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un mọ́ pé òun nìkan ni." Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn Máhì, ẹ̀yà ìyá rẹ̀, ṣe ń sọ ọ́ bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú. Ojú tì mí gidigidi.

Mo bá gbé táblẹ́ẹ̀tì, kí n fi àwòrán ọmọ náà kún un lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè máa kà á lálàáfíà. Àwòrán kejì náà ti wà níbẹ̀ kí n tó ṣe ohunkóhun. Ojú méjìlá ló yọ. Méjì nínú wọn jẹ́ tirẹ̀: aṣọ kan náà, irun kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín sí mi, èkejì kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn. Ó lè jẹ́ pé ìka mi ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo ń ya àwọn ọmọ náà. N ò rántí, n ò sì lè búra. Ìyá rẹ̀ wò ó pẹ́.

"Ẹ má yọ ọ́," ló wí.

Mo fa ìwé máàkì náà ya, mo lọ jẹ́wọ́ fún dírẹ́tọ̀ pé èmi ni mo ṣàṣìṣe, ọmọ náà sì bọ́ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù ti há mọ́kànlá, iye ara wọn, sórí, wọn ò wojú ẹ̀rọ mọ́. Èmi tí mo ń fúnni ní máàkì ò tilẹ̀ wò ó rí. Títí dòní, ẹ̀rù ń bà mí bí mo bá rántí pé díẹ̀ ló kù kí n dá ọmọ kan dúró fún ọdún gbáko, nítorí pé ó ka ẹni tí èmi ò wò.