Oògùn Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Gbogbo Ilé Bá a Lò

Wárápá ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Nílé ẹbí wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, a kì í dárúkọ rẹ̀. “Nǹkan yẹn” là ń pè é. Nǹkan yẹn ti gbé e lẹ́ẹ̀mejì ní Olówógbowó, níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Lẹ́ẹ̀kejì, orí ẹ̀rọ ló ṣubú lé, abẹ́rẹ́ sì kán. Ọ̀gá rẹ̀, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí kì í pariwo, ní: “Tó bá tún gbé ẹ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ilé lò ń lọ.” Ó ku oṣù mẹ́ta kó gba fírídọ̀mù.

Ọsibítù fún un ní hóró oògùn, ìgò kan fún oṣù kan: ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kankan. Nǹkan yẹn dáwọ́ dúró. Àmọ́ oògùn náà máa ń jẹ́ kí oorun kun èèyàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Nílé ẹbí, èèyàn kì í dá nǹkan jẹ. Ìyá àgbà tí kì í rí oorun sùn tọrọ ẹyọ kan. Ó sùn títí ìrun àsùbáà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní oògùn gidi ni. Ìyàwó bàbá wa tọrọ tiẹ̀. Ará yàrá kẹta tí ehín ń dùn tọrọ méjì. Ta ni yóò fi oògùn du ìyá bàbá rẹ̀? Èmi náà lo ọ̀kan nítorí ìdánwò tó ń bà mí lẹ́rù. Mo sùn dáadáa. Mo sùn nínú ìdánwò náà pẹ̀lú.

Kí oṣù tó pé, ìgò ti gbẹ. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, wárápá gbé ẹ̀gbọ́n mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Tẹ́lẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ bá ń hó, wọ́n máa ń sá, wọ́n ní ó ń ràn. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó sá. A ti jọ jẹ nínú ìgò kan náà.

Ní Mọ́ńdè, mo tẹ̀ lé e lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì gbé ìgò náà sókè.

“Ta ló lò ó tán?”

Ẹ̀gbọ́n mi ní: “Àwọn ará ilé wa ni, mà.”

“Gbogbo wọn ló ní wárápá?”

“Rárá, mà. Wọ́n kàn fẹ́ sùn ni.”

Nọ́ọ̀sì kọ nǹkan sínú káàdì, ó sì fún un ní ìgò mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi kò gba ilé lọ. Olówógbowó ló kọrí sí. Mo ní kó má sọ fún ọ̀gá rẹ̀. A dé ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ìgò lé orí tábìlì.

“Ọ̀gá mi, nǹkan yẹn gbé mi lánàá.”

“Ní ṣọ́ọ̀bù mi?”

“Nílé ni, mà.”

“Ìyẹn ò kàn mí.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú oògùn yìí. Tó bá wà nílé, ìyá àgbà wa àtàwọn ará ilé á bá mi lò ó.”

Obìnrin náà wo ìgò, ó wo ẹ̀rọ rẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sísọ́ọ̀sì tí ọmọṣẹ́ kankan kì í fọwọ́ kàn.

“Láàárọ̀ tó o bá dé, nírọ̀lẹ́ kó o tó lọ. Ti Sọ́ńdè, màá wé méjì sínú bébà fún ẹ. Tó o bá gbúròó ìyá àgbà yín, tètè gbé e mì.”

Oṣù mẹ́ta náà pé, kò tún ṣubú. Lọ́jọ́ fírídọ̀mù, lẹ́yìn àdúrà, ọ̀gá náà ṣí dúrọ́ọ̀, ó kó ìgò àti ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́ pọ̀.

Ó ní: “Tó o bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tìẹ, wá èyí tí dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́.”