Afárá Ọlọ́jọ́ Mọ́kànlá

Àwọn tó ń gbé géètì wá sí ṣọ́ọ̀bù Àdìó ní Mowe kò mọ̀ ju pé wẹ́dà ni lọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, yàrá kan ló rẹ́ǹtì. Etí ọ̀tún ló máa ń kọ sí ẹni tó bá ń bá a sọ̀rọ̀, torí bọ́ǹbù ti ba tòsì jẹ́. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ṣe sójà, láàárín àwọn ẹnjiníà: àwọn tó ń hú bọ́ǹbù tí ọ̀tá rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣe afárá kí àwọn yòókù tó lè kọjá.

Nǹkan kan wà tó máa ń dùn ún. Ní ìhà Borno, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọjọ́ mẹ́rin to afárá onírin sórí odò kan. Ibi tí Ọmọlabí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti ń hú bọ́ǹbù lẹ́bàá odò náà ló kú sí. Ọjọ́ mọ́kànlá péré lẹ́yìn tí wọ́n parí afárá náà, ọ̀tá fọ́ ọ. Àtìgbà náà ni Àdìó ti gbà pé ọ̀rẹ́ òun kú lásán.

Lọ́dún tó kọjá, Toyyibah, aránṣọ kan láti Ibafo, wá ṣe ilẹ̀kùn onírin. Ó rí fọ́tò lára ògiri: sójà mẹ́fà lórí afárá.

"Bàbá, ibo nìyí?"

Àdìó dárúkọ ìlú tí afárá náà wà. Obìnrin náà jókòó gbì sórí garawa ọ̀dà.

"Ibẹ̀ lọkọ mi ti ń ta páàtì mọ́tò. Nígbà tí ogun dé, odò kún, kò sọ́nà, la bá sá wọgbó. Oyún oṣù mẹ́jọ ló wà nínú mi. Ìgbà tá a gbọ́ pé àwọn sójà ti ṣe afárá la tó rọ́nà jáde. Èrò tó kọjá lọ́jọ́ yẹn kò lóǹkà."

"Wọ́n padà fọ́ afárá yẹn," Àdìó wí. "Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì."

"Àwa ti kọjá kí wọ́n tó fọ́ ọ, Bàbá."

Àdìó fìka kan ọ̀kan nínú àwọn sójà náà. "Ọmọlabí nìyí. Òun ló kó bọ́ǹbù kúrò lọ́nà tẹ́ ẹ gbà."

"Ọlọ́run á fi Alùjánnà kẹ́ wọn," ni Toyyibah wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ní Sátidé, ó mú Qudrah, ọmọ oyún ìgbà náà, wá. Ó ti wà ní kíláàsì kẹrin. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Àdìó gbé fóònù, ó pe ìyá Ọmọlabí ní Ìsẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tójú ti ń tì í láti pè wọ́n.

"Ìyá, ẹnì kan wà níbí tó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín." Ó sì gbé fóònù fún ọmọ náà.