Ọjọ́ Tí Ọmọ Mi Rò Pé Wọ́n Ti Gba Ìyá Mi Sókè

Ìwé náà kò tóbi. Ó ń wọ inú àpò aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi, ibẹ̀ náà ni ó sì máa ń wà. Níbi ìdíje àkọ́sórí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ṣàngó-Ọ̀tà ni wọ́n ti fún un, pẹ̀lú bírò kan àti ife ike kan. Ife ti fọ́, bírò ti gbẹ, ṣùgbọ́n ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ya ojú ọ̀run tó là sí méjì sí iwájú rẹ̀, wọ́n sì ya bàtà ọmọdé kan sí àárín títì, láìsí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìtàn ọmọbìnrin kan ni. Ó ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó pe màmá rẹ̀, kò gbọ́ ohùn. Ìkòkò wà lórí iná, ọbẹ̀ inú rẹ̀ ń jó. Aṣọ màmá rẹ̀ wà nílẹ̀ bí ẹni pé ẹni tó wọ̀ ọ́ yọ́ nínú rẹ̀, yẹtí rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí aṣọ náà. Ìgbàsókè ti ṣẹlẹ̀. Jésù ti wá kó àwọn tirẹ̀ lọ, ó ku ọmọ náà àti àwọn tí kò múra sílẹ̀. Ìpọ́njú ni ìyókù ìwé náà: àwọn sójà Aṣòdì-sí-Kristi, àmì tí wọ́n ń tẹ̀ sí èèyàn níwájú orí, ọjà tí ẹni tí kò ní àmì kò lè rà. Àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ ọ́ fún, ẹni tó kọ ọ́ sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ọmọ mi kò lè gbé e sílẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àdúgbò Joju ni a ń gbé, bàbá rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ọlidé, ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Àtàn-Ọ̀tà ni mo máa ń mú un lọ, kí ó má baà dá wà nílé.

Mùsùlùmí ni ìyá mi. Inú ẹ̀sìn náà ni wọ́n bí èmi náà sí. Ọkọ ni ó mú mi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Alùwàlá ni ìyá mi ń ṣe ní ọjọ́ tí mo lọ sọ fún un. Ó da omi sí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tán, ó gbé búta sílẹ̀, ó ní, “Bí o bá ti ń lọ, máa lọ déédéé. Ilé Ọlọ́run kì í ṣe ibi tí èèyàn ń yọjú sí kó tún sá padà.” Kò mẹ́nu kàn án mọ́. Bí Iléyá bá dé, èmi a lọ jẹ ẹran lọ́dọ̀ rẹ̀; bí Kérésì bá dé, òun a wá jẹ ìrẹsì lọ́dọ̀ mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan tí mo lọ wò wọ́n, mo bá àwọn méjèèjì ní ìta gbangba. Ìyá mi ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ọmọ mi ń kàwé sí i létí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà. Bí ó ṣe ń kà á ni ó ń túmọ̀ rẹ̀.

“Dúró ná,” ni ìyá mi wí. “Àwọn tí wọ́n gbé lọ yìí, tí aṣọ wọn wà nílẹ̀. Ṣé ìhòòhò ni wọ́n gòkè ọ̀run?”

“Rárá o, Màmá Àgbà. Aṣọ funfun ti ń dúró dè wọ́n níbẹ̀.”

“Ó dáa. Funfun náà ni wọ́n máa fi wé èmi. Kà á lọ.”

“Màmá Àgbà, ẹ̀rù ò bà yín?”

“Ẹ̀rù kí ni? Ànábì Ísá ń padà bọ̀, wọ́n kọ́ wa ní ilé kéú. Kí wọ́n tó bí ìyá ẹ ni mo ti gbọ́ ọ.”

Ọmọ mi yíjú sí mi. “Mọ́mì, ṣé Jésù náà ni?”

“Òun ni.”

“Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn tó bá gbà á nìkan ni…”

“Kà á lọ, ọkọ mi,” ni ìyá mi wí. “Ọmọ yẹn ti dé ìdí ìkòkò. Jẹ́ ká mọ̀ bóyá ọbẹ̀ yẹn ṣì ṣe é jẹ.”

Nígbà tí mo ń lọ, ọmọ mi sìn mí dé ẹ̀bá títì Ìdíròkò. Ó di ọwọ́ mi mú, ohun tí kò ṣe mọ́ láti ìgbà tó ti ń dàgbà.

“Mọ́mì, tí Jésù bá dé lónìí, ṣé wọ́n á fi Màmá Àgbà sílẹ̀?”

Ọkọ̀ ń bọ̀. Mo nawọ́ sí i. “Lọ jẹun,” ni mo wí, mo sì wọlé sínú ọkọ̀.

Láti ọjọ́ tí mo ti ṣègbéyàwó, èmi fúnra mi kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè yẹn. Bí oníwàásù bá ti ń ka irú àwọn tí a óò fi sílẹ̀, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Mo gba ohun tí a gbà gbọ́ nínú ìjọ wa, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́, n kò sì mọ bí a ṣe ń fi í sínú àdúrà: ibi tí ìyá mi bá ń lọ, kí èmi náà bá a níbẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọ̀sán ni a ṣíwọ́ iṣẹ́. Mo ra búrẹ́dì nísàlẹ̀ afárá Ṣàngó, mo wọ ọkọ̀ dé Ọ̀tà, mo tún wọ òmíràn lọ sí Àtàn. Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ òórùn ẹ̀wà tó ń jó. Kò sí ohùn kankan nínú àgbàlá. Ẹ̀rọ ìránṣọ ayálégbé kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. N kò rí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n jọ ń gbé, n kò rí àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọ mi nìkan ni ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá mi, abọ́ ata lílọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú.

“Mọ́mì, wọ́n ti lọ.”

“Àwọn wo?”

“Gbogbo wọn. Mo lọ lọ ata, èrò pọ̀ nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí mo dé…” Ó nawọ́ sí inú yàrá.

Sálúbàtà ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, méjèèjì tò sí ara wọn. Nínú yàrá, ìró àti bùbá tó máa ń wọ̀ wà lórí ẹní ìkírun, ìborùn rẹ̀ wà lórí wọn. Yẹtí rẹ̀ méjèèjì, òrùka rẹ̀ àti tẹ̀súbà rẹ̀ wà lórí ìborùn náà.

“Wọ́n ti mú Màmá Àgbà,” ni ọmọ mi wí. “Àwa ni wọ́n fi sílẹ̀, Mọ́mì. Èmi àti ẹ̀yin. Èmi tí mo gba ipò kìíní nínú àkọ́sórí!”

N kò lè fi ohun tí mo rí lára mi ní ìṣẹ́jú yẹn wé ohunkóhun. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Bí ohun tí ọmọ náà wí bá jẹ́ òótọ́, èmi àti òun ti gbé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ni ó kún inú mi, ayọ̀ tí kò bá ọgbọ́n kankan mu. Wọ́n gbà á. Ìyá mi wọlé. Bí mo ṣe dúró sí ẹnu ọ̀nà tí mo ń wo yẹtí méjèèjì, ohun tí mo ń sọ nínú ara mi nìyẹn, ẹsẹ̀ mi sì fúyẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ojú mi lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ìṣó kan wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ ni ìyá mi máa ń fi ògbólógbòó ìró kan kọ́, tó ti ṣí, pẹ̀lú sálúbàtà rọ́bà kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìró tí ó ń ró lọ wẹ òkú ni. Òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè bí obìnrin Mùsùlùmí bá kú ládùúgbò, nítorí obìnrin ni ó ń wẹ obìnrin, wọn kì í sì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Bí wọ́n bá ti pè é, ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń jù sílẹ̀. Á bọ́ aṣọ rẹ̀, á yọ yẹtí, á yọ òrùka, á kó wọn lé orí ẹní, á ró ìró àtijọ́ náà, á lọ. “Ohun tó ń dán kì í bá mi lọ síbẹ̀,” ni ó máa ń wí.

Kò sí nǹkan kan lórí ìṣó náà.

Mo mọ̀ nígbà náà. N kò sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo dúró díẹ̀ sí i, bí ẹni tó jí lójú àlá tí kò tíì fẹ́ la ojú. Lẹ́yìn náà mo lọ sọ ìkòkò kalẹ̀, mo fi ọmọ mi jókòó, mo sì ṣàlàyé fún un pé ẹnì kan ló kú, gbogbo ilé sì ti lọ síbẹ̀.

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Wo ìṣó.”

Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ohùn àwọn obìnrin. Ìyá arúgbó kan nísàlẹ̀ mọ́ṣáláṣí ni ó kú. Ìyá mi wà láàárín wọn nínú ìró àtijọ́ náà. Ọmọ mi sáré sí i.

“Má fọwọ́ kàn mí! Jẹ́ kí n wẹ̀ ná.” Ọmọ náà dúró gan-an. “Kí ló dé tí ojú ẹ pọ́n báyìí?”

Èmi ni mo ròyìn fún un. Ìyá mi wo inú yàrá, ó wo àwọn ohun tó kó sórí ẹní, ó wo ọmọ náà, ó sì rọra jókòó sórí àpótí.

“Èmi? Kí wọ́n gbé èmi lọ, kí n fi ẹ̀wà olóyin sílẹ̀ lórí iná? Màlékà tó bá wá, á kọ́kọ́ jókòó jẹ tiẹ̀ ná.”

“Ẹ̀wà tó ti jó yìí, Màmá?” ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wí. “Màlékà á fi yín sílẹ̀, á máa lọ.”

“Ẹnu ẹ ló jó. Ta ni mo ní kó wo iná?”

“Ẹ ò sọ fún ẹnì kankan o! Ẹ kàn fò dìde ni, ẹsẹ̀ òsì tó ń ro yín ò ro yín mọ́.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mo rò pé ẹ gbàgbé mi ni.”

Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá mi. “Gbàgbé ta? Tí wọ́n bá tiẹ̀ ní kí n máa bọ̀, màá sọ fún wọn pé ọmọ kan lọ lọ ata. Kí wọ́n dúró.”

Nígbà tó wẹ̀ tán, mo bá a nínú yàrá tó ń wá ojú ihò yẹtí rẹ̀.

“Ìwọ náà, o rò bẹ́ẹ̀?”

“Fún ìgbà díẹ̀, Màámi.”

“Ó sì bà ẹ́ lẹ́rù.”

“Rárá. Inú mi dùn.”

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó na yẹtí náà sí mi. “Bá mi fi í sí i. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́.” Mo fi í sí i. Ọrùn rẹ̀ ń run ọṣẹ dúdú.

Nínú òjò ọdún tó kọjá ni ìyá mi kú. Àárọ̀ ni, kò sì pẹ́ tí àwọn obìnrin tó kọ́ ní iṣẹ́ náà fi dé. Wọ́n ta aṣọ yí ibi tí wọ́n fẹ́ wẹ̀ ẹ́ ká ní ẹ̀yìnkùlé. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wá bá mi níbi tí mo dúró sí.

“Ẹ má bínú, ìyá wa. Ẹ bá wa pọn omi.”

N kò bínú. Mùsùlùmí ni ó ń wẹ òkú Mùsùlùmí. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ọmọdé. Mo yọ yẹtí mi, mo yọ òrùka mi, mo sì pọn omi. Mo ń gbé garawa dé ibi aṣọ títa náà, ọwọ́ kan a nà jáde gbà á. Mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń wí pé, “Rọra o. Ẹsẹ̀ òsì ló ń ro ó.”

Nígbà tí wọ́n ti gbé e lọ, èmi àti ọmọ mi wọ yàrá rẹ̀. Ọmọ náà ti ga jù mí lọ báyìí. Sálúbàtà wà lẹ́nu ọ̀nà, méjèèjì tò sí ara wọn. Àwọn obìnrin náà ti kó yẹtí àti òrùka rẹ̀ lé orí aṣọ rẹ̀ lórí ẹní, bí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ wọn. Ọmọ mi wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ó fa ilẹ̀kùn, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ògbólógbòó ìró náà wà lórí ìṣó.

Ó fọwọ́ kan etí aṣọ náà.

“Mọ́mì, ṣé ẹ rò pé ó sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró dè wá?”

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ọkọ̀ kankan tó ń bọ̀.

“Ó sọ fún wọn,” ni mo wí.