Ẹni Tó Kàn Ń Kọjá

Bàbá kan wà tó máa ń yà síbi aró ìyá mi láràárọ̀. Kì í jókòó. Yóò fi ọwọ́ ti òpó àtíbàbà wa, yóò ní, "Ẹ má dìde, mo kàn ń kọjá ni." Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè àwọn tí kò sí níjókòó, lórúkọ lórúkọ.

Àwọn aláró fẹ́ wọ́ lọ sílé olóyè tó ń gba owó ibodè, láti fi ẹ̀hónú hàn. Kí ọjọ́ náà tó pé, ìránṣẹ́ olóyè ti wá mú àbúrò ìyá mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ìyá mi ṣáájú bàbá náà dé ibi aró. Ó bu aró, ó fi ra òpó náà. Tí aró bá ṣì tutù, bí omi ewé ló rí. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló ń dúdú. Bàbá náà dé, ó fi ọwọ́ ti òpó bó ti máa ń ṣe, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù bí ẹni gbọn omi, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án, ìyá mi lọ bẹ̀bẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ nílé olóyè. Níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó rí àpá àtẹ́lẹwọ́ tí aró ti dúdú sí lára ilẹ̀kùn ìyẹ̀wù olóyè.

Lọ́jọ́ kejì bàbá náà tún dé. Ó ki ọwọ́ bọ inú agbádá.

"Mo kàn ń kọjá ni."

"Ẹ kú ìkọjá o, bàbá," ni ìyá mi wí. "Tí ẹ bá tún kọjá lọ́hùn-ún, ẹ bá mi kí àbúrò mi."