Iyùn Òkun Nínú Pálọ̀ Mi

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, nígbà tí ọmọ mi obìnrin gbé àpótí onígíláàsì kan wá sí pálọ̀ mi ní Ọ̀wọ̀. Àpótí náà gùn tó àga ẹlẹ́ni mẹ́ta. Omi iyọ̀ ló kún inú rẹ̀, iyùn mẹ́ta sì wà nínú omi náà. Ní ìlú wa, bí wọ́n bá ti dárúkọ iyùn, ọrùn olóyè ni gbogbo ènìyàn ń rò, nítorí náà àwọn àlejò ń bi mí ìgbà tí a máa lù wọ́n nihò. Mo máa ń ṣàlàyé pé ohun ẹlẹ́mìí ni iyùn nínú òkun. Àwọn ohun wínníwínní bí ewéko, tí ojú lásán kò lè rí, ń gbé inú ara rẹ̀, wọ́n sì ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ tí òun náà ń jẹ.

Iṣẹ́ ẹja sísìn ni ọmọ mi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ti tọ́jú àwọn iyùn náà fún ọdún márùn-ún, láti ìgbà tí wọn kò ju èékánná lọ. Ó fẹ́ lọ gba ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ní ìlú mìíràn. Kí ó tó lọ, ó yọ gílóòbù gbọọrọ àtijọ́ tó ń gbóná tó sì ń jẹ iná, ó fi iná LED aláwọ̀ búlúù rọ́pò rẹ̀. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lára rẹ̀ tí a ń yí láti oókan dé ẹẹ́wàá. Ẹẹ́ta ló yí i sí.

Ó ní, “Màmá, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì yìí. Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ó parí. Ẹ̀yin ni mo fi í lé lọ́wọ́, torí ẹ̀yin lẹ máa ń tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá kọ.”

Ó kọ ọ́ sí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Mo fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí.

Síbẹ̀, ara fu mí. Iná náà rí bàìbàì lójú mi. Aládùúgbò mi kan, ọmọ ìlú Ìjàgbà tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tún iná ṣe, wá wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Tíṣà, iná fóònù lẹ fi ń tan òkun. Ẹ fọwọ́ kàn án, kò tilẹ̀ gbóná. Ṣé oòrùn tútù ni Ọlọ́run dá?”

Mo fi sùúrù sọ fún un pé ìmọ́lẹ̀ ni ewéko ń lò, kì í ṣe ooru. Ó ní ṣọ́ọ̀kì olùkọ́ ṣì wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi.

Ní ọjọ́ kẹrin tí ọmọ mi lọ, wọ́n mú iná lọ, wọn kò dá a padà fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀rọ tó ń da omi rú nìkan ni invẹ́tà lè gbé. Mo jókòó síwájú àpótí, mo ń ka wákàtí tí àwọn iyùn kò fi rí ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí iná dé, mo ṣe ohun tí gbogbo ilé àdúgbò wa máa ń ṣe. Bí iná bá dé, a ó fa omi, a ó lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan, a ó ki gbogbo fóònù bọ iná, kí wọ́n má tún tó mú un lọ. Mo yí bọ́tìnnì sí ẹẹ́wàá kí àwọn iyùn lè rí èyí tí wọ́n pàdánù gbà. Mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn èyí, orí iyùn tó tóbi jù lọ di funfun.

Aládùúgbò mi ní ebi ni, pé òun ti sọ. Mo gbà, nítorí ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí gan-an nìyẹn. Mo sọ wákàtí mẹ́jọ di méjìlá. Ní òwúrọ̀ kejì, funfun náà ti dé ìdajì ara rẹ̀, bí iṣu tí a bó. Ọmọ mi ń pè lójoojúmọ́, mo ń sọ pé dáadáa ni gbogbo wọn wà. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì pé kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ bo ìṣirò tí wọ́n bá ṣì.

Nígbà tí mo ti ìsìn ọjọ́ Àìkú dé, iyùn kejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́. Ó pè mí lójú ẹsẹ̀.

“Màmá, orí iye wo ni bọ́tìnnì iná wà?”

Mo wo bọ́tìnnì náà.

“Màmá.”

“Ẹẹ́wàá.”

Ó mí kanlẹ̀. “Ebi kọ́ ni. Ìmọ́lẹ̀ ló pọ̀ jù fún wọn, ó ń lé àwọn ohun wínníwínní tó ń fún wọn láwọ̀ jáde. LED yẹn lágbára ju èyí tí mo yọ lọ, díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kó mọ́ wọn lára. Ẹ yí i sí eéjì báyìí.”

Mo yí bọ́tìnnì sí eéjì, mo sì bi í bóyá wọn yóò kú. Ó ní òun kò mọ̀. Ká ní ó bá mi wí ni, ì bá sàn fún mi. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ láràárọ̀, n kò ní ìgboyà láti wọlé.

Iyùn ńlá náà kú kí ọmọ mi tó dé. Àwọn méjì tó kù yè, àwọ̀ wọn ń padà bọ̀ láti ìsàlẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọmọ mi yọ òkú èyí tó kú jáde, ó fọ̀ ọ́. Ìgbà tí a ń jẹun ló tó sọ pé, “Màmá, ká ní ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ funfun, mo rò pé ì bá yè.”

Àwọn ènìyàn ṣì ń bi mí bóyá iná LED tó fún iyùn. Ó tó, ó tilẹ̀ lè pọ̀ jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Bí ohun ẹlẹ́mìí tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ yín bá yí àwọ̀ padà, ẹ sọ fún ẹni tó ni ín lọ́jọ́ náà gan-an, bó ti wù kí ẹ̀rù bà yín tó.